Bí Mo Ṣe Fi Iyọ̀ Dí Omi Ara Mi

Iyọ̀ ni mo mu. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá rọ ọ́ sí mi lẹ́nu, n kò sì ṣi ife mú. Èmi tìkára mi ni mo bu iyọ̀ sínú ife omi, tí mo fi ṣíbí rò ó, tí mo dijú, tí mo gbé e mì ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí ẹsẹ̀ mi fi wú tí sálúbàtà kò gbà á mọ́. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí jù nígbà náà. Iṣẹ́ púlọ́mbà tí mo sì ṣe láti kékeré ti kọ́ mi pé bí ojú páìpù onírin bá ń mí omi díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ ni à ń fi dí i. Mo wá ní kí n dí ara mi.

Kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú látilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé páìpù onírin, bí a bá so páìpù méjì pọ̀ tí ojú ibi tí a so ń làágùn, tí kì í ṣe pé ó ń jò gan-an, a kì í tú u. A óò po iyọ̀ mọ́ omi, a óò fi ra ojú ibẹ̀, a óò fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ yóò mú kí irin pẹtà, ìpẹtà yóò dí ihò náà pinpin, omi yóò dákẹ́. Mo ti fi ọgbọ́n yìí dí páìpù nínú àìmọye ilé, láti Onípánu títí dé etí ọ̀sà ní Bàrígà. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí n kò bi ara mi ni pé, ṣé irin ni mí?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wò yíká, tí ẹ ń bèèrè pé iṣẹ́ wo ló dára láti kọ́, tèmi nìyí. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. N kò ní pọ́n iṣẹ́ yìí lé fún yín. Ó fún mi lóúnjẹ, ó fún mi níyàwó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi, nítorí pé nígbà tí ó tó àkókò láti fi í sílẹ̀, mo kọ̀. Kí n gbé súpánà kalẹ̀ kí n wà láàyè, tàbí kí n dì í mú kí n kú: ohun tó wà nílẹ̀ fún mi láti yàn nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n á ní ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Èmi rò ó títí.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan tí ẹ kò lè mọ̀ bí mo bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, tipátipá ni mo sì fi kà á tán. Bàbá mi mú mi wá sí Ṣómólú, ó fà mí lé Ọ̀gá Sùbérù lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi lù ú dáadáa, ẹ ṣáà má ṣẹ́ ẹ léegun," ó sì padà sílé. Gbogbo bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Sùbérù gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí páìpù tí wọ́n wọ bùbá fún. Abẹ́ páànù kan ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, àwọn atẹ̀wé ló yí wa ká. Àwọn ọmọṣẹ́ wọn máa ń fi yíǹkì kun ọwọ́, àwọn ọmọge sì ń rò pé akọ̀wé ni wọ́n. Àwa, epo dúdú ni a fi ń pa ara. A óò de páìpù mọ́ báìsì kí ó má lè mira, a óò ki dáì bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti gé eyín sí i, a óò wá máa yí i. Síwájú, padà díẹ̀, da epo sí i. Síwájú, padà díẹ̀, da epo sí i. Orin tí mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi kọ nìyẹn, kò sì ní ègbè.

Fìlà funfun kan wà tí ọ̀gá máa ń dé. Òun ló fi ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Bí o bá ti so páìpù tán, tí omi ti wọ̀ ọ́, ọ̀gá á ṣí fìlà, á fi nu ojú ibi tí o so, á dúró, á tún nù ún. Bí fìlà bá tutù, ó parí fún ọ nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ilé ìwẹ̀ kan ṣe ní ẹ̀yìn Pámùgíróòfù. Mo ti ń retí pé kí ó yìn mí.

"Ganí."

"Sà."

"Fọwọ́ kan fìlà mi. Ó gbẹ àbí ó tutù?"

"Ó tutù díẹ̀, sà."

"Díẹ̀. Omi ò mọ díẹ̀. Tú gbogbo ẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi iyọ̀ sí i."

"Iyọ̀ wà fún iṣẹ́ tó ti gbó. Èyí tí o ṣe lónìí, o fẹ́ fi ìpẹtà bo àṣìṣe rẹ lójú. Tú u."

Mo tú u, mo ń sunkún, mo tún un so. Ọ̀gá wá dé fìlà tútù náà sórí bẹ́ẹ̀, ó ń kí àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ wo omi Ganí lórí mi." Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Omi Ganí títí ọdún fi yí.

Ẹ̀kọ́ tó tẹnu mọ́ jù ni ti òfáfúlò. Páìpù kékeré kan ni, ẹ̀gbẹ́ táńkì lókè pátápátá la máa ń fi sí. Kò ní ẹnu títì, kò ní ọmọrí. Ìgbà tí omi bá kún ju bó ṣe yẹ lọ nìkan ló ń gba ibẹ̀ dà síta. Àwọn onílé kórìíra rẹ̀, wọ́n á ní ó ń fi omi ṣòfò. Ọ̀gá á dá wọn lóhùn pé, "Kì í fi omi ṣòfò. Ariwo ló ń pa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ni kó lọ pa ẹ̀rọ afami." Lẹ́yìn náà yóò yíjú sí wa, yóò ní, "Omi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí o ò bá fún un lọ́nà, á yan ọ̀nà fúnra ẹ̀, èyí tó bá yàn ò ní dùn mọ́ ẹ."

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ọ̀gá. Bí a bá wà lórí iṣẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, yóò lọ tọ̀ ní ẹ̀yìn ilé, yóò padà gun òkè. Kò ní pẹ́, yóò tún sọ̀. Nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ, ó di lemọ́lemọ́. Àwa ọmọṣẹ́ á máa fi ọwọ́ bo ẹnu: "Òfáfúlò ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." A rẹ́rìn-ín yẹn títí. Lónìí, bí mo bá rántí rẹ̀, kò dùn létí mi.

Lẹ́yìn tí mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù, n kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibo ni n bá lọ? Òun àti èmi ló jọ ṣe iṣẹ́ tó bà wá láyé jẹ́. Ilé kan ni, ní Bàrígà, kò jìnnà sí etí omi, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn àti pàǹtírí kún. A gbé táńkì onírin sórí sítáńdì gíga fún onílé, a so òfáfúlò mọ́ ọn. Ó ṣe díẹ̀, aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé omi òfáfúlò ń dà sára ògiri òun. Onílé ránṣẹ́ pè wá.

"Ẹ bá mi dí ihò yẹn."

Ọ̀gá ní, "A kì í dí i, sà. Ẹ jẹ́ ká fa páìpù rẹ̀ dé ojú gọ́tà."

"Páìpù míì? Ẹ̀yin púlọ́mbà, ẹ ò mọ̀ ju kẹ́ ẹ ta páìpù lọ. Igi kékeré kan ló máa parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Igi yẹn ò ní wá láti ọwọ́ mi," ni ọ̀gá wí. A kó irinṣẹ́ wa, a lọ.

Onílé gun òkè fúnra rẹ̀, ó gbẹ́ igi, ó fi àkísà wé e, ó ki í bọ òfáfúlò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n tan ẹ̀rọ afami, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Omi kún táńkì, kò rí ọ̀nà, ó bá ti ọmọrí lókè, ó ń ya bọ̀ sílẹ̀ lára ẹsẹ̀ sítáńdì. Ilẹ̀ Bàrígà tí ẹ rí yìí, bí omi bá ti ń ya lu ojú kan ṣáá, ó di ẹ̀kọ. Ẹsẹ̀ sítáńdì kan rì. Táńkì dà wó lu ilé ìdáná, ó sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó onílé níbi tó ti ń yan ẹja.

Kí ọlọ́pàá tó dé, onílé ti yọ igi náà. Ọ̀gá mi ni wọ́n mú. Ó ń sọ pé, "Igi wà níbẹ̀, ẹ bi aládùúgbò," aládùúgbò ní òun ò rí nǹkan kan, torí ògiri rẹ̀ ti gbẹ, ìyẹn ló sì kàn án. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹ̀yìn ìyá onírú kan ni mo dúró sí ní iwájú àgọ́ ọlọ́pàá, tí mo ń díbọ́n pé mò ń nájà irú. Mo nájà irú títí ìyá náà fi ní bí n kò bá ní rà á kí n yé mí sí i lórí.

Wọ́n tú ọ̀gá sílẹ̀ nígbà tí ara ìyàwó onílé ń yá, ṣùgbọ́n onílé ti gba báìsì àti dáì rẹ̀, ó ní òun fi ṣe gbà-mà-bínú. Kò dá wọn padà. Láti ìgbà náà, Ọ̀gá Sùbérù, tó kọ́ ìdajì púlọ́mbà Ṣómólú níṣẹ́, ń yá dáì lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Kò pẹ́ sí i ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ikùn tẹ̀ lé e. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ìjókòó ló fi ń sùn, ó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Gbogbo ayé ní onílé yẹn ló sà sí i. Wọ́n gbé e lọ síbí, wọ́n gbé e lọ sọ́hùn-ún, wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un ní omi àdúrà, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń bá a bú onílé. Kò sẹ́ni tó gbé e dé ibi tí wọ́n ti lè fi nǹkan gbọ́ àyà rẹ̀. Ó kú lórí àga, fìlà funfun rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Mo jogún àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo sì fẹ́ ọmọbìnrin Ìlàjẹ kan ní Bàrígà, ẹja gbígbẹ ló ń tà, Ìyá Tóyìn tí ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀ tí alágbádá dé, ayọ̀ pọ̀. Wọ́n ní omi ìjọba yóò máa yọ nínú gbogbo ilé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Àwọn onílé náà gbà wọ́n gbọ́, wọ́n ń pè mí lọ́tùn-ún lósì kí n wá pààrọ̀ páìpù tó ti jẹra, kí omi alágbádá má baà bá ilé wọn ní ìdọ̀tí. Mo ṣiṣẹ́ bí ẹrú lọ́dún yẹn. Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ, atẹ́gùn ló yọ. A fi etí sí i, ó ń súfèé. Ilé kan wà tí bàbá onílé fi kọ́ọ̀bù gba atẹ́gùn náà, ó ní ó dùn ún mu, ó dàbí ìlérí.

Bí omi ìjọba kò ti wá, oníkálukú gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Táńkì rọ́bà dé, páìpù rọ́bà dé, gọ́ọ̀mù inú agolo dé. Kò sí eyín tí a ń gé mọ́, kò sí epo, kò sí òwú tí a ń wé mọ́ ojú páìpù. Ẹni tó bá ti ní ayùn tó ṣẹ́ ku àbọ̀ àti agolo gọ́ọ̀mù kan, púlọ́mbà ni. Yóò fi gọ́ọ̀mù ra ẹnu páìpù, yóò tì í bọ ara wọn, yóò mí sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi kọ́ ohun tí wọ́n ń fi èémí kan ṣe. Èmi náà ra agolo gọ́ọ̀mù. Ohun tí mo fi ń yàtọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ ni pé èmi ṣì ń gbé táńkì gun òkè fúnra mi, mo ní agbára ṣì wà. Ibẹ̀ ni èémí ti bẹ̀rẹ̀ sí í já mi. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Ìtọ̀ wá dé. Bí mo bá jókòó díẹ̀, ìtọ̀. Bí mo bá na ẹ̀yìn lọ́sàn-án, kí n tó pa ojú dé, ìtọ̀. Àtọ̀gbẹ ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò jẹ́ gba iwájú ilé àyẹ̀wò kọjá. Mo ti gbọ́ pé bí ìtọ̀ ẹni bá ní ṣúgà, èèrà yóò wá lá a. Mo tọ̀ sí ẹ̀bá ògiri, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ìyá Tóyìn bá mi níbẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, kí lẹ ń wò?"

"Èèrà."

"Èèrà wo?"

"Èyí tí kò tíì dé."

Ó wò mí, ó wo ògiri, ó wọlé lọ. Èèrà kankan kò wá. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní, ó dára, kì í ṣe àtọ̀gbẹ, a jẹ́ pé ara ń jò ni. Bí abẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi jà fún òfáfúlò, nígbà tí ó kan tèmi, jíjò ni mo pè é. Mo lọ bu iyọ̀.

Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ó ṣiṣẹ́. Fún ọjọ́ díẹ̀ ìtọ̀ náà dín kù, inú mi dùn, mo ń fọ́nnu fún ara mi. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà kò kún padà. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Mo ti rí i lára Ọ̀gá Sùbérù. Mo wọ ṣòkòtò gígùn kí ìyàwó mi má rí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa tán, òun àti ayálégbé kan ló gbé mi jókòó sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn kan ní Pámùgíróòfù.

Dókítà tó gbà wá kò dàgbà ju Tóyìn ọmọ mi lọ. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ ẹsẹ̀ mi, ó gbọ́ àyà mi, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wú?"

"Lẹ́yìn iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ wo, sà?"

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá Tóyìn kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó yí àga rẹ̀ sí mi.

"Ẹ ní iyọ̀ kí ni?"

"Èyí tó wà nínú àpò, tí o fi ń pa ẹja lára."

"Ẹ̀yin ni? Mo ti bá gbogbo ilé jà lórí iyọ̀ yẹn. Mo pe Ìyá Ṣadé ará ilé wa lólè."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá parí ọ̀rọ̀ wọn," ni dókítà wí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń fi ẹ̀bẹ̀ bo ẹ̀rín.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kan, wọ́n fi nǹkan tútù pa mí láyà, wọ́n ń fi ohun kan tó jọ ẹ̀rọ ìfárí rìn lórí rẹ̀. Dókítà ní kí n wo ojú ẹ̀rọ, pé ọkàn mi ló wà níbẹ̀. Mo dijú. Ta ló fẹ́ rí ọkàn ara rẹ̀? Nígbà tó yá, mo la ojú kan. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú ọkọ̀.

"Ṣé ó ń kú lọ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni, bàbá. Ó kàn ti fẹ̀ jù." Ó fi ìka hàn mí. "Yàrá mẹ́rin ló ní. Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara, àwọn yàrá òkè yìí ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Tí omi bá pọ̀ jù lára, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀, yàrá á kún, ògiri rẹ̀ á nà. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi. Bíi rọ́bà."

"Bíi rọ́bà. Àmọ́ ògiri yẹn kì í nà lásán. Bó bá ti ń nà, ó ní ohun kan tó ti pèsè sílẹ̀, tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù là ń pè é. Ìránṣẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín, á ní kí kíndìnrín da iyọ̀ nù, kí omi sì tẹ̀ lé e. Á sọ fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà pé kí wọ́n dẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀nà fẹ̀."

"Ta ló wá rán an níṣẹ́?"

"Ọkàn yín náà ni. Òun ni ẹrù ń pa."

Mo wo ẹja tó wà lójú ẹ̀rọ náà.

"Ìtọ̀ tó ń gbọ̀n mí ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ pé ọkàn yín ló ń bá yín da omi nù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà tipẹ́tipẹ́, ẹ ò mọ̀. Ẹ wá bu iyọ̀ lé e. Iyọ̀ sì rèé, ó máa ń di omi mú ni."

"Òfáfúlò ni," mo ní. "Mo ki igi bọ òfáfúlò." Mo ṣàlàyé fún un.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà. Àmọ́ páìpù kì í rẹ̀, ọkàn máa ń rẹ̀. Tó bá ti nà fún ìgbà pípẹ́, á dẹ̀ bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó ti gbó. Á ṣì máa rán ìránṣẹ́, kódà á rán an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kíndìnrín ò ní dá a lóhùn bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ mìíràn wà nínú ara tí wọ́n ń sọ pé kó di omi mú, ariwo wọn á bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń wú."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ọ̀gá Sùbérù. Mo rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, tó ń lọ sí ẹ̀yìn ilé, tí àwa ń fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò mọ̀ bóyá ohun tó ṣe mí ló ṣe é, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn, ikùn yẹn, ìjókòó sùn yẹn. Ọkàn ọ̀gá mi lè ti ké títí kí ó tó dákẹ́, kí àwa tó yí i ká sì máa bú onílé. Olè ni onílé yẹn, òpùrọ́ ni, ṣùgbọ́n bóyá kò mọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ ọ̀gá. A fi í ṣe ìdí tí a kò fi wá ìdí. Mo fẹ́ sunkún nínú yàrá náà, àmọ́ aṣọ kò sí lára mi, n kò sì fẹ́ kí ọmọ kékeré rí àgbàlagbà tó wà ní ìhòòhò láyà tó tún ń sunkún.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń lé omi jáde, àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ mi padà sí bó ṣe wà. Dókítà wá sọ èyí tó le: kò sí iyọ̀ mọ́, kò sí ẹrù gbígbé mọ́, kò sí àkàbà mọ́. Èmi tí ìyàwó mi ń ta ẹja, imú ni mo fi ń jẹ ẹja rẹ̀. Ìyẹn dára, mo gbà. Ti àkàbà ni n kò gbà. Ẹ̀rù kan wà tó tóbi ju ikú lọ lọ́kàn mi: kí n jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí àpò ìrẹsì tó ti tán, kí ìyàwó mi máa bọ́ mi, kí àwọn ọlọ́gọ́ọ̀mù máa kọjá, kí wọ́n máa kí mi pé, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi."

Mo bá ń yọ́ iṣẹ́ ṣe. Oògùn tó ń lé omi kò sì bá iṣẹ́ mu. Ẹ mọ ilé ayálégbé: agádágodo ló wà lára ilé ìtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí púlọ́mbà wá máa kan ilẹ̀kùn yàrá kiri, pé ẹ bùn mi ní kọ́kọ́rọ́ yín kí n tọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan? Lọ́jọ́ tí mo bá ní iṣẹ́, n kì í lo oògùn náà. Ṣùgbọ́n Ìyá Tóyìn ti di ọlọ́pàá.

"Bàbá Tóyìn, ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó."

"Kí ló dé tí ẹ ò tíì tọ̀?"

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ máa ṣọ́ ìtọ̀ mi?"

"Nígbà tí ẹ̀yin náà ń fi èèrà ṣọ́ ọ ńkọ́?"

Nígbà mìíràn yóò kàn jókòó, omijé yóò máa ṣàn lójú rẹ̀, yóò máa fi Ìlàjẹ bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi kò sì gbọ́ ju orúkọ mi lọ nínú rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìṣe mi nìyẹn, bí ẹ̀rù bá ti bà mí, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àlàájà kan wà ní Bàrígà, opó ni, ilé alájà méjì ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àwọn ayálégbé ló kún inú rẹ̀. Èmi àti Ọ̀gá Sùbérù la ṣe omi ilé náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò sì sí ọwọ́ mìíràn tó kan páìpù rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí pé táńkì òun kò kún dáadáa mọ́. Mo fi oògùn sílẹ̀, mo gbé súpánà, mo lọ. Mo dá àkàbà dúró ti ògiri, mo gùn ún. Nígbà tí mo dé ìdajì, èémí tán. Kì í ṣe pé ó dín kù, ó tán. Àyà mi ń lù bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo di àkàbà mú, mo gbé orí tì í, mo ń díbọ́n pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Àlàájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Bàbá Púlọ́mbà, kí lẹ ń wò níbẹ̀?"

"Mò ń yẹ ojú páìpù wò ni."

"Kò sí páìpù níbẹ̀."

Mo wò ó. Òótọ́ ni, ògiri lásán ni mo gbójú lé.

Àlàájà gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó dìde, ó wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ó ti mọ̀ nípa àìsàn mi, ẹja ìyàwó mi ló ń rà. Mo retí kí ó kẹ́dùn. Mo retí kí ó sọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá mi, tàbí gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe omi ilé rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń wá èsì onírẹ̀lẹ̀ tí n óò fún un. Obìnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀kùn yàrá àwọn ayálégbé rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó tún wo òkè. Ọ̀rọ̀ dókítà kò mú mi kúrò lórí àkàbà, omijé Ìyá Tóyìn kò mú mi kúrò. Ìbéèrè tí obìnrin yìí bi mí ló mú mi sọ̀ kalẹ̀, n kò sì tún gun àkàbà mìíràn títí di òní.

Ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Púlọ́mbà. Tí ẹ bá kú sórí táńkì yẹn, ta ló máa mu omi inú ẹ̀ mọ́?"